Kì í Ṣe Ìdọ̀tí: Lámèyítọ́ lórí Èdè tí a fi ń Ròyìn Ìwádìí Afẹ́fẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́

1. Ìfáàrà

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ilẹ̀ Yúróòpù àti láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pawọ́ pọ̀ láti wọn ohun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa. DACCIWA ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, orúkọ gígùn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gé kúrú. Owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é láti 2013 títí di 2018, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Karlsruhe ní Jámánì ni ó sì ṣe kòkárí rẹ̀. Ibùdó ńlá mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀: ọ̀kan ní Kumasi ní Gánà, ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, èyí tí ìwé wọn ń pè ní Savè. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta, ti Jámánì, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ń gbéra láti Lomé. Wọ́n sì tún wọn afẹ́fẹ́ ìgboro ní Abidjan àti ní Kútọnu.

Ẹ jẹ́ kí a tún un kà. Nínú ibùdó ńlá mẹ́ta, méjì wà ní ìlú tí èdè Yorùbá ti jẹ́ èdè ilé àti èdè ọjà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kó àbájáde iṣẹ́ náà jọ ní 2018 fún àwọn tí ń ṣe ìlànà ìjọba, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Faransé ni wọ́n fi gbé e jáde. N kò rí ti Yorùbá.

Kì í ṣe àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ni mo fẹ́ bá jà nínú ìwé yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú iṣẹ́ náà, wọn kì í ṣe òǹwòran. Àwa onímọ̀ èdè gan-an ni mo ń bá wí. Nígbà tí ìròyìn náà dé ilé láìní èdè ilé, ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ wa jù ni a mú láti fi dí àlàfo náà: a ní ìdọ̀tí afẹ́fẹ́. Kókó tí mo fẹ́ tẹ̀ mọ́ yín létí ni pé ọ̀rọ̀ yìí ń tako ohun tí ìwádìí náà rí, ó sì ń gbé ẹ̀bi lé ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ kéré jù lórí.

2. Ohun tí ìwádìí náà sọ

A kò lè ṣe lámèyítọ́ ọ̀rọ̀ bí a kò bá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Mo mú kókó mẹ́ta nínú iṣẹ́ wọn.

Èkínní, ohun tí wọ́n ń wọ̀n kì í ṣe èéfín tí ojú ń rí nìkan. Èyí tí àwọn onímọ̀ ìlera ń ṣọ́ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5: ohun wínníwínní tí ìbú rẹ̀ kò ju méjì ààbọ̀ lọ bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000. Irun orí ènìyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Imú kò lè sẹ́ ẹ. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, ó ń dá àìsàn èémí àti ti ọkàn sílẹ̀. Ní 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ìwọ̀n rẹ̀ láàárín ọdún má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Ní 2021, wọ́n dín in kù sí 5.

Èkejì, orísun rẹ̀ kò jẹ́ ọ̀kan. Ní Kútọnu, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní agbègbè ọjà Dantokpa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí sẹ́míjàn àti ọkọ̀ àlòkù ti ń tú èéfín jáde láti àárọ̀ di alẹ́, tí epo kpayo sì wà nínú táńkì ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Abidjan, wọ́n wọn ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, wọ́n wọn ibi tí ààtàn ti ń jó, wọ́n wọn ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni orísun tí kò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Nígbà tí òjò ń rọ̀ níhìn-ín ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ẹ̀ẹ̀rùn ni ní ìhà gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Wọ́n ń sun igbó àti ọ̀dàn níbẹ̀. Èéfín náà ń gba orí Òkun Gínì kọjá, afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé òjò bọ̀ wá bá wa ni ó sì ń gbé e dé. Ìwé kan tí ó jáde láti inú iṣẹ́ náà ní 2019 sọ ọ́ láti orí àkọlé rẹ̀ pé èéfín ọ̀nà jíjìn yìí ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń ba afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ ní àsìkò òjò.

Ẹ̀kẹta ni ti Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an. Ìbéèrè ibẹ̀ dá lórí ìkùukùu: báwo ni ìkùukùu tí ó rẹlẹ̀ ṣe ń kó jọ lóru, tí ó sì ń bo ojú ọ̀run títí oòrùn yóò fi ga? Wọ́n ń ju bàlúùnù sókè pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n lára rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tútù láti ìhà òkun ni ó ń wọ inú ilẹ̀ wá lálẹ́, tí ó ń mú kí òkè tutù títí ìkùukùu yóò fi dì. Ọ̀rọ̀ ìkùukùu kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ èéfín. Ẹ̀kán omi inú ìkùukùu kì í dá dúró lásán. Ara ohun wínníwínní ni ó ń so mọ́. Bí ohun wínníwínní bá pọ̀ sí i, ìkùukùu yóò yí padà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ kan ṣoṣo fi kó èéfín, ìkùukùu àti òjò pọ̀.

3. Ọ̀rọ̀ tí a fi gba ìròyìn náà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé ní Ṣábẹ̀ẹ́. Gaàrí ni ó ń yan, igi ni ó sì fi ń dáná. Ó rántí bàlúùnù àwọn òyìnbó náà dáadáa. Ní ìgbà kan tí mo lọ kí i, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n wá ṣe fún un. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ìdọ̀tí wà nínú afẹ́fẹ́ wa, àti pé iná igi wà lára ohun tí ó ń fà á." Ó wò mí, ó wo àgbàlá rẹ̀ tí ó ti gbá láti ìdájí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìdọ̀tí wo ni o rí níbí?"

N kò rí èsì fún un. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdọ̀tí ní èdè wa jẹ́ ohun tí ojú ń rí. Ìgbálẹ̀, omi àti ọṣẹ ni oògùn rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó ni ín: ẹni tí ó bá jókòó ti ìdọ̀tí, ọ̀bùn ni à ń pè é, ọ̀bùn sì jẹ́ èébú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún obìnrin kan pé ìdọ̀tí ń ti ibi iná rẹ̀ jáde ti fi ìwà kàn án lọ́rùn kí ó tó mẹ́nu kan ìlera rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè lè sọ pé ìdọ̀tí bá ọ̀rọ̀ òyìnbó náà mu, kò sì parọ́. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ Faransé náà, pollution, ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ sì ni sísọ ohun mímọ́ di àìmọ́. Èérí àti ẹ̀gbin wà nínú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlò ti fọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn Faransé. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ó ti di orúkọ ohun tí ẹ̀rọ ń kà tí a sì ń fi nọ́ńbà kọ. Ìdọ̀tí tiwa kò tíì rin ìrìn àjò yẹn. Ẹni tí ó túmọ̀ pollution sí ìdọ̀tí tẹ̀lé ìtàn ọ̀rọ̀ náà, ó sì pàdánù ìlò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà wé àbájáde tí mo sọ lókè. Ìdọ̀tí ní kí a wo ohun tí ó hàn; ìwádìí náà ní ohun tí ó léwu jù kò hàn. Ìdọ̀tí ní kí a wo ìtòsí; ìwádìí náà ní kí a wo ìkọjá òkun pẹ̀lú. Ìdọ̀tí ní kí a wá ọ̀bùn; ìwádìí náà ní kí a wá orísun, kí a sì wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ohun mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ṣì wá lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta.

4. Ohun tí èdè wa ní

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí a kò lè rí. Èmi kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun tí ó wà nílẹ̀ wò.

Afẹ́fẹ́. Àwọn olùtúmọ̀ máa ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ kan yìí ni a ní fún ohun méjì tí Faransé yà sọ́tọ̀: èyí tí ń fẹ́ àti èyí tí a ń mí. Mo rò pé àǹfààní ni èyí jẹ́ fún wa. Ohun tí ó ṣòro jù láti ṣàlàyé nínú ìwádìí náà ni pé ohun tí a ń mí sínú ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti ibòmíràn fẹ́ wá. Ní èdè Yorùbá, afẹ́fẹ́ tí a ń mí jẹ́ ohun tí ń rìn láti inú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́ burúkú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wá ìtumọ̀ fún afẹ́fẹ́ tí kò dára fún mímí. Ẹni tí ó bá gbọ́ afẹ́fẹ́ burúkú kò ní ronú kan sẹ́míjàn. Àìsàn tí kò ní orúkọ tàbí ọwọ́ ayé ni yóò rò, ọ̀dọ̀ babaláwo tàbí wòlíì ni yóò sì gbà lọ.

Èéfín. A ní òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé èéfín ni ìwà, bí a bá bò ó mọ́lẹ̀ yóò rú jáde. Òwe náà dúró lórí ìmọ̀ kan: èéfín kì í fara pa mọ́, ibi tí ó bá sì ti ń rú, iná kò jìnnà síbẹ̀. Ìwádìí yìí ti fi ibi tí ìmọ̀ náà mọ hàn. Èéfín wà tí ó ti tàn ká títí ojú kò fi rí i mọ́, tí iná rẹ̀ sì wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Òwe náà kò di irọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìwà ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ ìwé ìlera ní Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òwe náà wà lọ́kàn òǹkàwé rẹ̀, kí ó sì dáhùn sí i.

Bà jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gírámà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. A lè sọ pé "afẹ́fẹ́ bàjẹ́" láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. A sì lè sọ pé "wọ́n ba afẹ́fẹ́ jẹ́," kí àyè ṣí sílẹ̀ fún olùṣe. Ìdọ̀tí ti yan ẹlẹ́bi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bà jẹ́ ń béèrè pé: ta ni, kí ni, níbo? Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń béèrè nìyẹn.

5. Àbá mi, àti àléébù rẹ̀

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà lápapọ̀, kí a lo bíba afẹ́fẹ́ jẹ́, kí a fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún ààtàn. Fún ohun wínníwínní tí wọ́n ń wọ̀n, kí a lo èérún: bí èérún ṣe ń já bọ́ lára búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ni èérún ń já bọ́ lára ohun tí ń jó. Fún orísun, kí a pín èéfín sí mẹ́ta: èéfín ààrò, èéfín ọkọ̀ àti èéfín àjò. Èéfín ààrò ni ti ilé àti ti òwò oúnjẹ. Èéfín ọkọ̀ ni ti sẹ́míjàn àti mọ́tò. Èéfín àjò ni èyí tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti ọ̀nà jíjìn.

Lámèyítọ́ tí kò bá lè yẹ ara rẹ̀ wò kò tíì parí iṣẹ́. Èérún ní àléébù méjì. Ó sún mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ní ìró, pàápàá lórí rédíò, níbi tí kò sí àmì ohùn tí ojú lè rí. Ó sì jẹ mọ́ oúnjẹ, oúnjẹ kì í sì í ba ènìyàn lẹ́rù. Èéfín àjò pẹ̀lú lè mú kí ẹnìkan sọ pé, "Ó dára, ẹ̀bi àwọn ará ọ̀hún ni," kí ó sì máa bá èéfín tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a máa lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Èéfín ààrò kò di ohun tí kò ṣe nǹkan nítorí pé ti àjò wà. Obìnrin tí ó tẹ̀ sórí iná náà ni ó ń mí i sínú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

6. Àtakò méjì

Àtakò kìíní ni pé Faransé ni àwọn tí ń ṣe ìlànà ń kà, nítorí náà kí ni Yorùbá yóò ṣe níbẹ̀? Mo gbà pé Faransé ni wọ́n ń fi ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin náà kàn ni ẹni tí ń yan gaàrí, ẹni tí ń ta epo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tí ń gun sẹ́míjàn. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá mọ ìdí òfin, àṣẹ lásán ni yóò dà lójú wọn.

Àtakò kejì le jù: Yorùbá wo? Ti Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣe ti Kétu, ti Kétu kì í ṣe ti Àjàṣẹ́, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ti Ifẹ̀ nínú wọn. Ìwé kíkọ wa pàápàá yàtọ̀: ɛ àti ɔ ni álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ ń lò níbi tí Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Mo gbà pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kó ẹ̀rọ Kumasi, ti Ifẹ̀ àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ pọ̀, àwọn ẹ̀rọ náà kò dọ́gba tán. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọ̀kan wé èkejì, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sí ibi ìpamọ́ kan tí gbogbo ènìyàn lè wò. Baobab ni wọ́n pe ibi ìpamọ́ náà. Igi oṣè wa ni, ní orúkọ tí Faransé ń pè é. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà, àwa náà lè ṣe é fún ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé a kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi hàn pé àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ lè fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó mójú tó. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà tí DACCIWA padà wá gbé ẹ̀rọ sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Wọ́n kọ ìwé fún un. Nígbà tí ẹ̀rọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ dé Ifẹ̀ ní 2016, ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìlú náà ti fi hàn pé èdè wa lè ru ẹrù sáyẹ́ǹsì. Àwa ni a kò bá a dé ibùdó náà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àjọṣepọ̀ sáyẹ́ǹsì láàárín orílẹ̀-èdè kì í ṣe ti ẹ̀rọ àti owó nìkan. Ìròyìn gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí a ti kó o jọ, ní èdè tí ibẹ̀ lè fi bi í ní ìbéèrè. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tún ń bọ̀, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè wà lára àwọn tí yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí owó ìtumọ̀ sì wà nínú ìṣirò. Kí àwa náà má sì dúró de ìgbà yẹn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá kókó fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ mú èérún, ẹ mú èéfín àjò, ẹ gbé wọn lọ sí Kétu, sí Àjàṣẹ́, sí Ṣábẹ̀ẹ́, kí ẹ wò ó bóyá wọn yóò dúró. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju tèmi lọ, ẹ fi tèmi sílẹ̀.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. N kò dárúkọ ìdọ̀tí mọ́. Mo ní, "Màmá, èéfín ààrò yín ń ṣe yín ní nǹkan, ti sẹ́míjàn náà ń ṣe yín ní nǹkan. Èéfín kan sì wà tí ó ń ti òdì kejì òkun wá ní àsìkò òjò, tí ẹ kò lè rí." Kò bínú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí òun ṣe lè gbé ààrò òun sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa gbé èéfín rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn tí ń dáná lọ́hùn-ún ńkọ́, ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ wa?"

Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí àwọn ìjọba jọ jókòó lé lórí. Ìgbà tí mo ń lo ìdọ̀tí, kò lè bi mí bẹ́ẹ̀.